Ògiri tí ọmọ náà yà: ìrírí lórí fífi eré ìje marathon kọ́ni ní àgbọ́yé èdè Gẹ̀ẹ́sì

Láti Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Nítorí pé ẹ ti ń sọ ìrírí yín lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ láti máa fi etí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní àgbọ́yé, mo ní kí n mú tèmi náà wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ kò bu iyì kún mi.

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ 41 ni ó sì wà nínú kíláàsì SS1 tí wọ́n fún mi. Gbogbo yín ni ẹ mọ bí Oral English ṣe rí lọ́dọ̀ wa: orí ìwé ni WAEC ti ń dán an wò ní Nàìjíríà. Ọmọ yóò fi ojú wo àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n tò síwájú rẹ̀, yóò sì mú èyí tí fáwẹ̀lì rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Ọmọ lè gba máàkì gidi níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo sí i létí. Ìdánwò etí tí a ń fi ojú ṣe ni mo máa ń pè é, àwọn ọmọ mi sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, èyí ni kò jẹ́ kí n tètè mọ̀ pé ìṣòro wà.

Mo rí ohùn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń sọ ìtàn eré ìje marathon fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó sọ̀rọ̀ lórí Abebe Bikila, ará Etiópíà tí ó sá eré náà láì wọ bàtà ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Róòmù ní ọdún 1960, tí ó sì gba wúrà. Ó bọ́ sórí Kelvin Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ẹni tí ó sáré ní Chicago ní ọdún 2023. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ti ara rẹ̀, bí ó ṣe dé máìlì ogún tí agbára rẹ̀ sì tán. Mo gbé sípíkà kékeré sórí tábìlì, mo tan ohùn náà, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́, kí wọ́n sì ya àwòrán ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà ní ìparí. Ẹ̀rọ ìlọta kan wà lẹ́yìn ògiri kíláàsì wa, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá tí ó ni ín sì rí ẹ̀lùbọ́ lọ̀ jù.

Ọmọ mẹ́rin péré ni ó kọ nǹkan tí ó jọ ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ọ̀kan kọ ọ́ pé Bikila sáré pẹ̀lú «bare food», ó sì ṣàlàyé fún mi pé ìrẹsì funfun láìsí ọbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àwòrán ọmọkùnrin kan tí ó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó ya ògiri búlọ́ọ̀kù, ó to búlọ́ọ̀kù náà ní ẹsẹ̀ márùn-ún, ó fi símẹ́ǹtì sí àárín wọn, ó wá ya ọkùnrin kan sí ìdí rẹ̀ tí báńdéèjì wà ní iwájú orí rẹ̀. Ọkùnrin inú ohùn náà ti sọ pé «At mile twenty I hit the wall». Mo gbé ìwé náà lọ sí yàrá àwa olùkọ́, a fi rẹ́rìn-ín títí aago fi lù.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí tó yé mi. Nínú ọmọ 41, òun ni ó gbọ́ dáadáa jù. Ó gbọ́ «hit», ó gbọ́ «wall», ó sì kọ 20 sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. Etí rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní àṣeyọrí. Èmi ni n kò sọ fún un pé àwọn tí ń sá eré ọlọ́nà jíjìn máa ń lo gbólóhùn yìí fún ìgbà tí ṣúgà tí ara tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ bá tán, tí ẹsẹ̀ yóò wá wúwo bí òjé, ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín 30 sí 35 kìlómítà. Mo bẹ ọmọ náà ní ọjọ́ kejì lójú gbogbo kíláàsì. Ó yà á lẹ́nu, mo sì rò pé ó ya èmi náà.

Kí a tó tún tan ohùn náà, mo lo odidi píríọ́dù kan lórí bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. 42.195 kìlómítà ni marathon. Mo fa ìlà kan sójú pátákó, mo kọ Iléṣà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo fi Òṣú àti Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀ lé e, mo wá bi wọ́n pé níbo ni ẹni tí ó bá gbéra láti Iléṣà yóò ti dúró. Púpọ̀ wọn ní Ifẹ̀ ni. Nígbà tí mo sọ pé yóò la Ifẹ̀ kọjá, pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìpetumodù kí ó tó parí, kíláàsì hó yèè, ọmọbìnrin kan sì béèrè pé ṣé wọ́n ṣépè fún wọn ni. Láti ọjọ́ yẹn, «mile twenty» kì í ṣe ìró lásán mọ́; ibi tí ènìyàn ti ń wọ Ifẹ̀ lọ ni, tí òógùn ti gbẹ di iyọ̀ sí i lójú.

Ní ti ìró fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tèmi. Mo ti ń rò pé etí àwọn ọmọ yìí kò mú. Báwo ni etí ọmọ Yorùbá kò ṣe ní mú, ẹni tí ó ń ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ àti ọkọ láti ìgbà tí ó ti ń rá? Tí dùndún bá ń ki ọba láàfin Ọwá Obòkun, àwọn ọmọ wọ̀nyí a máa gbọ́ lára ohun tí ìlù ń wí. Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni kò bá Gẹ̀ẹ́sì mu. Lọ́dọ̀ tiwa, sílébù kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba ààyè tirẹ̀. Òyìnbó ní tirẹ̀ a máa tẹ ibì kan mọ́lẹ̀ gidi, a sì máa sáré kọjá lórí ìyókù, tí «of» àti «to» àti «had» yóò fi rí bí èémí lásán. Àwọn ọmọ mi ń dúró de gbogbo sílébù, bí wọ́n bá ti pàdánù ọ̀kan, wọ́n á dúró síbẹ̀ máa wá a, ohùn náà á sì ti sáré lọ jìnnà.

Nítorí náà, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bíírò sílẹ̀. Bí ohùn náà bá ti ń lọ, ibi tí ó bá ti wúwo ni kí wọ́n ti pàtẹ́wọ́, bí ẹni tí ń ka ìró ẹsẹ̀ asáré. Àsìkò Bikila ní Róòmù ni a fi bẹ̀rẹ̀: wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16. Ìdajì kíláàsì ti kọ 50 àti 60 ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ sí ìparí «fifteen», kí wọ́n sì pa á sí ìbẹ̀rẹ̀ «fifty», a sì ń ṣe é lọ ṣe é bọ̀ títí olùkọ́ kíláàsì kejì fi yọjú wá wò wá. Lẹ́yìn náà ni a wá kan Kiptum. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ni ó fi sáré náà, òun sì ni ó kọ́kọ́ sá marathon tí a fọwọ́ sí ní ìwọ̀n tí kò tó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọmọ gbọ́ «two hours» àti «thirty-five», wọ́n sì kọ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 35. Mo bi wọ́n pé ọ̀rọ̀ wo ni ó tẹ̀ lé 35 náà. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀, nítorí pé bí wọ́n ti rí nọ́ńbà mú ni wọ́n ti dẹ́kun gbígbọ́. Ọmọbìnrin kan wá sọ pé bí ó bá jẹ́ 35 ìṣẹ́jú ni, Bikila tí kò wọ bàtà ti fi ogún ìṣẹ́jú nà án nìyẹn. Ìṣirò ni ó fi tún etí rẹ̀ ṣe, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

«Heel» àti «hill» ni kò tíì bọ́ sí i títí di òní. Ọkùnrin náà sọ pé gìgísẹ̀ òun ń dun òun lórí òkè tí ó kẹ́yìn, àwọn ọmọ sì ń gbọ́ ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé Yorùbá kò ya fáwẹ̀lì méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Àti h náà pẹ̀lú, a máa ń jù ú sílẹ̀ níbi tí ó wà, a sì máa ń lọ fi í sí ibi tí kò sí. Èmi náà kò mọ́ nínú ẹ̀.

Ìgbà mẹ́ta ni mo máa ń tan ohùn náà báyìí. Ẹ̀ẹ̀kíní, wọn kò gbọdọ̀ mú bíírò; ẹ̀ẹ̀kejì wà fún nọ́ńbà nìkan; ẹ̀ẹ̀kẹta, kí oníkálukú gbọ́ ohun tí ó bá wù ú.

Ìdáhùn láti Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba àríyànjiyàn kún un. Ìgbà mẹ́ta tí ẹ̀yin ń tan ohùn, lọ́dọ̀ tèmi ní àdúgbò Mayfair ní Ifẹ̀ níbí, n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ó ti jáde yunifásítì tí wọ́n ń múra láti lọ sókè òkun ni mo ń kọ́ fún IELTS, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí ènìyàn ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí. Apá ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìpín mẹ́rin, ìbéèrè 40, nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń tan ohùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti mọ́ lára pé wọn yóò tún un sọ, ọjọ́ ìdánwò ni ojú rẹ̀ máa ń là. Nítorí náà, kí a tó gbọ́ ohunkóhun, a máa wo ìbéèrè, a ó sì sọ irú ohun tí ó ń bọ̀: ṣé nọ́ńbà ni, ṣé orúkọ ni, ṣé àìsàn ni?

Ọ̀rọ̀ «fifteen» pẹ̀lú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra. Bí ó bá dá dúró, ìparí rẹ̀ ni ó wúwo, bí ẹ ti wí. Ṣùgbọ́n bí «minutes» bá ti tẹ̀ lé e, ìwúwo náà a sábà máa sún sí iwájú, àtẹ́wọ́ yín yóò sì bọ́ sí ibi tí ó yẹ kí ó bọ́ sí fún «fifty». Gígùn fáwẹ̀lì ìparí àti ìró n tí ó pa á dé ni èmi máa ń ní kí wọ́n dì mú.

Èmi náà ti lo eré ìje marathon rí. Mo mú ọ̀rọ̀ kan tí ó dá lórí omi mímu lójú ọ̀nà eré náà, nítorí pé mo rò pé yóò rọ àwọn nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ó máa ń kùnà gbogbo ìbéèrè lórí yíyá ilé àti wíwọ ọkọ̀ ojú irin, àwọn ohun tí kò kàn án rí. Lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ tàn bí ó ti gbọ́ iṣan, iyọ̀ àti òùngbẹ, ó sì ń kọ ìdáhùn wàràwàrà. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ wí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé àìtó omi lára ni ó máa ń dá asáré wólẹ̀. Nọ́ọ̀sì mi ti kọ àìtó omi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí, nítorí pé «but» tẹ̀ lé e, ó sì wá ṣàlàyé pé ti ẹni tí òun ń sọ yìí, omi ni ó mu jù, tí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ṣàn mọ́ omi. Arábìnrin yìí mọ àìsàn náà dunjú, ó ti rí i ní wọ́ọ̀dù. Ohun tí ó mọ̀ ni ó sáré ṣíwájú etí rẹ̀. Ó bínú fún bí ọjọ́ méjì, kì í ṣe sí mi.

Láti Iléṣà

Àbúrò mi, ẹ ṣé. Ti «fifteen minutes» yẹn dùn mí, nítorí pé mo ti fi í kọ́ odidi kíláàsì, mo sì ní láti padà lọ tú u. Mo gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀: mo yí ẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n má baà wo ẹnu mi, mo ń pe nọ́ńbà pẹ̀lú «minutes» lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ń gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè fún 15, ọwọ́ òsì fún 50. Ó kọ́kọ́ dàrú bí ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n fetí sí ìró n nìkan, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìhà kan náà.

Ní ti ìgbà mẹ́ta, n kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀, àwọn tèmi kì í ṣe àgbà tí ó ti san owó fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ohùn tuntun kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó sá ìdíje marathon ti Èkó rí, tí mo gbà sínú fóònù nígbà tí ó wá kí wa. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu tiwa ni, ó rọrùn fún wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n ó sì tan èyí.

Mo ti lọ bá ìyá oníẹ̀rọ ìlọta náà pẹ̀lú. Ó ní kí n kàn máa sọ ọjọ́ tí a bá fẹ́ gbọ́ nǹkan, òun yóò dúró títí píríọ́dù wa yóò fi parí. Ó wá béèrè eré wo ni, mo sì sọ fún un pé láti Iléṣà títí dé tòsí Ìpetumodù ni, ẹsẹ̀ lásán. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó wò mí, ó ní èló ni wọ́n ń san fún wọn.