Etí Barbie àtijọ́ ti di àwọ̀ ewé, ẹsẹ̀ Skipper ń lẹ̀: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Mọ́rẹ́nikẹ́ (Houston)
Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Mo ra àpótí ọmọláńgidi kan níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé, mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

Èkíní, irun rẹ̀ kúrú, ó rí róbótó. Wọ́n kọ Midge 1962 sí ìdí rẹ̀, wọ́n tún kọ Barbie 1958 sí abẹ́ ìyẹn. Yẹtí píálì wà ní etí ọ̀tún, ti òsì ti já. Ihò etí méjèèjì ti di àwọ̀ ewé, ó ti ń ràn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Èkejì ni Skipper, àbúrò Barbie. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé ká, Skipper 1963 ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Ó ṣì wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ pupa òun funfun, bẹ́ńdì idẹ wà lórí irun rẹ̀, bàtà pupa pẹlẹbẹ wà lẹ́sẹ̀. Bí mo bá di ẹsẹ̀ náà mú, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta jẹ́ Barbie tó ń rẹ́rìn-ín, tí eyín rẹ̀ hàn. 1966 ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ Malaysia sí i. Ẹni tó tà á ní ti ọdún 1966 ni.

Ṣé Midge, ọ̀rẹ́ Barbie, ni àkọ́kọ́ yẹn àbí Barbie fúnra rẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè yọ àwọ̀ ewé náà? Mo fẹ́ kó wọn lọ sílé wa n'Íbàdàn lóṣù Kejìlá, kí wọ́n máa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àǹtí Bísí
Mọ́rẹ́nikẹ́, kí o tó sùn lálẹ́ òní, yọ gbogbo irin tó wà lára wọn. Yẹtí, bẹ́ńdì, píìnì tí wọ́n fi há aṣọ, gbogbo ẹ̀ pátá. Bàbà wà nínú irin wọ̀nyẹn. Bí bàbà bá pẹ́ lára ike, àwọ̀ ewé á jáde, kì í sì í dúró lójú kan, ńṣe ló ń rìn wọnú. Tí irin bá ṣì wà níbẹ̀, oògùn yòówù tí o bá fi sí i, asán ni.

Má kàn fi ọwọ́ já yẹtí yẹn o. Rẹ aṣọ kékeré sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, fún un, fi lé etí náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ike lè rọ̀. Fi ẹ̀mú kékeré di ìdí yẹtí mú, fà á jáde tààrà. Má yí i. Bí o bá yí i, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á kán sínú orí. Èyí ló ń dẹ́rù bà mí nípa etí òsì: yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ tó kán ṣì wà nínú rẹ̀.

Tó bá wà níbẹ̀, orí gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn. Fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí ọrùn, kí ooru rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí o sì bo irun àti ojú. Nígbà tí ike bá rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ, tẹ ìsàlẹ̀ orí pọ̀, máa mì í díẹ̀díẹ̀ títí á fi yọ. Ẹni tó bá fà á ní tútù á ya ọrùn, ọrùn tó bá sì ti ya kì í di orí mú mọ́.

Ti bẹ́ńdì Skipper, ya ẹnu rẹ̀ méjèèjì síta díẹ̀, kí o gbé e sókè. Bí o bá wọ́ ọ gba iwájú orí, irun á já tẹ̀lé e.

Bọ̀ọ̀dá Láídé
Barbie ni. Nígbà tí Mattel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Barbie, gbé Midge jáde ní 1963, ara kan náà ni wọ́n lò fún òun àti Barbie, ìdí nìyẹn tí orúkọ àwọn méjèèjì fi wà níbẹ̀. Orí ni kí ẹ máa wò. Midge ní àmì wínníwínní ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìsàlẹ̀ irun rẹ̀ sì yí sókè. Irun kúkúrú róbótó tí ẹ ń wí yẹn, bubblecut là ń pè é, 1961 ló bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ara jẹ́ ọ̀kan, orí Barbie ń wọ ara Midge geere, àwọn ọmọdé sì máa ń pààrọ̀ wọn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tó wà nídìí nìkan búra fún ẹnikẹ́ni.

Ti 1966 yẹn, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó tà á. Ọdún ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright) ni 1966, fún ìbàdí tó ń yí, tó jáde sọ́jà ní 1967. Mattel ṣì ń tẹ 1966 sára ọmọláńgidi ní ọdún 1990 sókè. Orúkọ orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún ló ń tú àṣírí. Láti 1959 tí Barbie ti jáde títí dé ìparí ọdún 1960 sí 1969, Jàpáàn ni wọ́n ti ń ṣe wọn, kì í ṣe Malaysia. Ẹ̀rín tí eyín hàn báyẹn dé pẹ̀lú Barbie tí wọ́n ń pè ní Superstar ní 1977. Tí ẹ bá wo ibi ọrùn, ẹ ó rí 1976 lára orí rẹ̀. Ọmọláńgidi ìṣeré dáadáa ni, kì í ṣe èyí tí à ń sanwó àtijọ́ lé lórí.

Skipper yín ni ẹrù gidi inú àpótí yẹn. 1963 ni wọ́n kọ, 1964 ló jáde. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká tẹ̀lé e ní 1965. Skooter ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jáde ní 1965, ń lo ara kan náà, nítorí náà ẹ wò ó bóyá orí tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni tirẹ̀: Skooter ní irun tí wọ́n dì sí ẹ̀gbẹ́ méjì àti àmì wínníwínní lójú. Íǹṣì 9¼ ni Skipper, íǹṣì 11½ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tí ẹ bá rí òòyà, búrọ́ọ̀ṣì àti wáyà dúdú tó fi ń dúró nísàlẹ̀ àpótí náà, ẹ má dà wọ́n nù, tirẹ̀ ni.

Ìyá Tóbi
Irin ti kúrò? Ó yá. Ra ìpara rorẹ́ tó ní benzoyl peroxide ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó funfun ni kí o rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n pa láró bí àwọ̀ ara.

Kọ́kọ́ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ di gbogbo irun, nítorí ìpara yìí ń bó àwọ̀ irun àti aṣọ. Fi igi ìtayín ti ìpara wọnú ihò etí, kí o wá fi bo ibi tó jẹ́ àwọ̀ ewé nìkan, kó nípọn. Gé ọ̀rá kékeré lé e kó má baà gbẹ, torí tó bá ti gbẹ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń bà. Lójoojúmọ́, nu ún kúrò, wò ó, fi tuntun sí i. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni, kì í ṣe ti ọjọ́ kan.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni àṣejù. Ìpara tó ń lé àwọ̀ ewé ló ń lé àwọ̀ ike náà, nítorí náà tí o bá rí i pé etí náà ti ń funfun ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, dáwọ́ dúró, bí àwọ̀ ewé bá tilẹ̀ kù díẹ̀. Etí tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ sàn ju etí tó bó. Má jẹ́ kó kan ètè tàbí ìpéǹpéjú, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, èyí tó wà nísàlẹ̀ lè tún yọ sókè. Tún un ṣe nígbà yẹn.

Gbénga A.
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé Jik kò ní ṣe é kíá?

Ìyá Tóbi
Rárá o, Gbénga. Jik kì í wọnú ike dé ibi tí àwọ̀ ewé wà, ojú nìkan ló máa bó. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́: acetone inú rẹ̀ á yọ́ ike, ètè àti ojú á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Sọlá (Peckham)
Jẹ́ kí n mú ti ẹsẹ̀ àti irun.

Ẹsẹ̀ tó ń lẹ̀: òróró tí wọ́n pò mọ́ ike kó lè rọ̀ ló ń sun jáde. Fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ nu ún, gbẹ ẹ́ dáadáa, fi kọ́ọ̀nfúláwà díẹ̀ pa á lára, kí o gbọn ìyókù dànù. Ó máa padà wá nígbà ooru, wàá sì tún un nù. Kò sí oògùn tó ń dá a dúró pátápátá, ẹni tó bá ní òun ní in ń ta ọjà ni. Bọ́ bàtà pupa yẹn lónìí pẹ̀lú. Aró pupa ń wọ àtẹ́lẹsẹ̀ Skipper, bàtà náà a sì máa yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn.

Irun Skipper: ṣáńpù ọmọdé kékeré nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, máa tú u láti ṣóńṣó irun nísàlẹ̀ lọ sókè, kì í ṣe láti orí wá sílẹ̀. Má jẹ́ kí omi wọnú orí. Tó bá wọ̀ ọ́, dorí rẹ̀ kodò lórí tówẹ́ẹ̀lì títí á fi gbẹ, kí inú má baà bu. Irun bubblecut Barbie ní tirẹ̀, bí kò bá dọ̀tí gan-an, má fọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe tò ó nílé iṣẹ́ ni àwọn olùkójọ ń wá, kì í sì í padà sí bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn omi.

Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́: má rì í sómi kí o tó dán an wò. Fi òwú funfun tútù tẹ ojú rírán rẹ̀ nínú. Bí pupa bá yọ sára òwú, jẹ́ kó gbẹ bẹ́ẹ̀, torí pupa yẹn á ṣàn sórí funfun.

Àǹtí Bísí
Ti Ìbàdàn, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ooru àti oòrùn, ju eruku lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kò gbọ́dọ̀ kọjú sí fèrèsé. Má kó wọn sínú ọ̀rá, má sì lo rọ́bà láti di irun tàbí ọwọ́ wọn. Rọ́bà á yọ́, á sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Fi bébà funfun tí kò ní ásíìdì wé ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ Skipper má kan ara ẹlòmíràn, nítorí ike tó ń sun òróró máa ń gba àwọ̀ ẹni tó bá fara tì. Nínú bàálù, inú báàgì ọwọ́ ni kí o kó wọn sí.

Mọ́rẹ́nikẹ́ (Houston)
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Yẹtí àti bẹ́ńdì ti kúrò, bàtà náà ti bọ́. Abẹ́rẹ́ wà nínú etí òsì lóòótọ́. Ìbéèrè kan ló kù: wọ́n ń ta Christie kan, ọ̀rẹ́ Barbie tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tó ń sọ̀rọ̀ tí a bá fa okùn ẹ̀yìn rẹ̀. Irun rẹ̀ pupa. Ṣé wọ́n pa á láró ni?

Bọ̀ọ̀dá Láídé
Wọn kò pa á láró. Brown ni irun Christie tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tó jáde ní 1968, ọjọ́ orí ló sọ ọ́ di pupa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Francie, ìbátan Barbie, aláwọ̀ dúdú ti 1967 rí. Ẹ má tún un kùn. Ẹ fa okùn náà pẹ̀lẹ́ kí ẹ tó sanwó, ẹ sì di ẹsẹ̀ mú níbi ìbàdí: ohun tó so ẹsẹ̀ mọ́ ara àwọn tó ń sọ̀rọ̀ máa ń kán. Tí ohùn kò bá jáde, ẹ bá wọn dín owó rẹ̀ kù, ọ̀pọ̀ wọn ti dákẹ́. Ẹ má sì rì í sómi láéláé, ẹ̀rọ ohùn wà nínú àyà rẹ̀. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.