Ẹ gbà mí o, mo ti kùnà ìdánwò síláìdì lẹ́ẹ̀mejì

Ọmọ_Ọdún_Kejì:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ ṣàánú mi. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí oorun ò ti kun ojú mi. Mo kùnà ìdánwò síláìdì (gíláàsì tí wọ́n lẹ ẹran ara pẹlẹbẹ mọ́, tí a ń fi maikirosíkóópù wò) ti ọpọlọ, iṣan ìmọ̀lára, ojú àti etí. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Ti orí ìwé, mo yege dáadáa. Ẹ ní kí n ka ìpele mẹ́wàá inú rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, n óò kà á fún yín bí orúkọ àwọn ọmọ ìyá mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dojú kọ maikirosíkóópù báyìí, àfi bíi pé wọ́n da iyanrìn sí mi lójú.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n pààrọ̀ àpótí síláìdì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tá a fi ń kọ́ṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ́ ni wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ ìdánwò. Ṣé ìyẹn dáa? Ìṣẹ́jú méjì péré ni nídìí síláìdì kọ̀ọ̀kan, aago á dún, wàá sún síwájú. Ẹni tó wà níwájú mi ń wúkọ́ ṣáá. Maikirosíkóópù kẹrin ń mì. Nídìí ìkeje mo kọ "ganglion" (ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára), olùkọ́ fi báírò pupa fa ìlà sí i, ó ní "ganglion wo?" Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló ti yege. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n óò tún un ṣe, bí mo bá sì tún kùnà, ọdún náà lọ nìyẹn. Ṣé kí n kọ̀wé fẹjọ́ sùn ni, àbí kí n kúkú lọ kọ́ nǹkan mìíràn?

Adùnọlá_B:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Èmi náà ti sunkún nídìí síláìdì rí. Etí ló dá mi lóró. Mo wo cochlea, apá etí inú tó ká bí ìkarahun ìgbín, mo rí ihò róbótó-róbótó lọ́tùn-ún lósì egungun tó wà láàárín, mo bá kọ ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀! Ìtìjú ọjọ́ náà ò tíì kúrò lára mi. Ọjọ́ tí mo wá rí àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun, ìlà kan nínú, mẹ́ta níta, mi ò ṣì í mú mọ́ láé. Máa wò ó lemọ́lemọ́ ni.

Bàbá_Ìwé:
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ọmọ yìí. Kò kàwé tó. Ẹjọ́ kí ló fẹ́ fi sùn? Ẹni tó bá mọ cerebellum, ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí, á mọ̀ ọ́n nínú àpótí yòówù kí wọ́n gbé e wá. Ẹni tó ń wúkọ́ kọ́ ló ní kó má mọ síláìdì.

Ẹ̀gbọ́n_Lábù:
Kí n tó sọ nǹkan kan, ìbéèrè méjì. Lẹ́ńsì wo lo kọ́kọ́ ń lò, 4 tó ń fi odindi hàn ni àbí 40 tó ń sọ nǹkan di ńlá gan-an? Ẹ̀ẹ̀kejì, kí ni ojú rẹ máa ń wá kó tó pinnu pé "lágbájá rèé"? Má ka ìwé fún mi o, ohun tí ojú rẹ ń wá gan-an ni kí o sọ.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má fojú kékeré wo ẹ̀kọ́ yìí. Mo ti tọ́jú ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ìṣó wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi rìn káàkiri títí ẹ̀jẹ̀ fi kún bàtà. Kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ọjọ́ yẹn ló wá yé mi ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní àwọn ohun tíntìntín inú awọ ara. Kàwé sí i, ọmọ mi.

Ọmọ_Ọdún_Kejì:
Ẹ ṣé, mà. Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mò ń kàwé. Agogo méjì òru ni mò ń sùn. Tí ẹ bá bi mí ní ìyàtọ̀ Schwann cell àti oligodendrocyte, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń wé axon (okùn iṣan ìmọ̀lára), n óò sọ pé ọ̀kan ń wé abala kan ṣoṣo lára axon kan, èkejì ń na ọwọ́ wé axon púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé kọ́ ni ìṣòro mi. Àpótí tí wọ́n pààrọ̀ yẹn ló ṣe mí.

Ẹ̀gbọ́n_Lábù:
O ò tíì dáhùn ìbéèrè mi o.

Ọmọ_Ọdún_Kejì:
Ẹ má bínú, sà. 40 ni mo máa ń bọ́ sí tààrà, torí àkókò. Ní ti èkejì… cerebellum inú àpótí wa ní èépá afẹ́fẹ́ kékeré kan lápá ọ̀tún lábẹ́ gíláàsì. Rẹ́tínà, igun rẹ̀ ti kán. Ti ọ̀pá ẹ̀yìn, yíǹkì dà sára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Bí mo ṣe ń dá wọn mọ̀ nìyẹn.

Bàbá_Ìwé:
Ẹ gbọ́ o! Èépá afẹ́fẹ́! Bẹ́ẹ̀ o wà níbí tí ò ń sọ pé wọ́n fi àpótí rẹ́ ọ jẹ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́, àrékérekè ni.

Adùnọlá_B:
Ẹ rọra, Bàbá. Ọmọ tó fẹ́ ṣe àrékérekè kò ní wá tú àṣírí ara rẹ̀ níwájú gbogbo ayé.

Bàbá_Ìwé:
Èmi ò bú u o. Mo ní kó jáwọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n_Lábù:
Ẹ jẹ́ kó dáhùn èyí. Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún kejì fi ń bẹ̀rẹ̀: núkílọ́ọ̀sì, kóró inú sẹ́ẹ̀lì, á gba aró hematoxylin, á di elésè àlùkò, ìyókù á gba aró eosin, á di píǹkì. Kí ló dé tí ìwọ fi ń wá igun tó kán?

Ọmọ_Ọdún_Kejì:
Mi ò sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni rí. Elésè àlùkò àti píǹkì tí wọ́n máa ń pè yẹn, ọ̀kan náà ni lójú mi. Ọ̀kan kàn dúdú díẹ̀ ju èkejì lọ. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló ń rí i bẹ́ẹ̀, pé àwọn kàn mọ orúkọ rẹ̀ jù mí lọ ni. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin náà kì í mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. A máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nílé.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Háà. Ọmọ mi, má bínú sí mi.

Ẹ̀gbọ́n_Lábù:
Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀. Gbọ́, àbúrò. Oríṣi cone mẹ́ta ló wà nínú rẹ́tínà tí ò ń kà yẹn, gbogbo wọn tó bíi mílíọ̀nù 6, àwọn ló ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀. Bí oríṣi kan bá yàtọ̀ tàbí tí kò sí, àwọ̀ kan á máa jọ èkejì. Àbùdá tó sábà ń fà á wà lórí krómósómù X, ọ̀dọ̀ ìyá sì ni ọmọkùnrin ti ń gba X tirẹ̀. Ìdí tó fi lè jẹ́ ti àbúrò ìyá rẹ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe dókítà ojú. Lọ ní kí wọ́n fi àwòrán Ishihara dán ọ wò, èyí tí nọ́ḿbà máa ń fara pamọ́ sáàárín àmì róbótó-róbótó. Gba èsì rẹ̀ lákọsílẹ̀, kí o mú un lọ bá olùkọ́ rẹ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn tó pé.

Bàbá_Ìwé:
Ká sòótọ́, mo káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí kò mọ àwọ̀ lè ṣe iṣẹ́ yìí? Ẹ má fi ìrètí òfo tàn án.

Ẹ̀gbọ́n_Lábù:
Bàbá, ọdún 1873 ni Golgi, onímọ̀ ará Ítálì, gbé ọ̀nà tó ń fi fàdákà pa síláìdì láró jáde: sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ á dúdú kirikiri, ìyókù ò ní gba nǹkan kan. Òun náà ni Cajal, onímọ̀ ará Sípéènì, fi ya ẹ̀ka àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì pín ẹ̀bùn Nobel ní 1906. Kí ni àwọ̀ ṣe níbẹ̀? Bí nǹkan ṣe rí ni wọ́n wò.

Àbúrò, fi 40 sílẹ̀ ná. Bẹ̀rẹ̀ láti 4, kí o wo odindi rẹ̀. Bí o bá rí labalábá tó na ìyẹ́ láàárín nǹkan róbótó, tí ihò tóóró wà ní agbedeméjì, ọ̀pá ẹ̀yìn ni. Iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n gé lábùú máa ń kún fún òrùka òfìfo tí ẹ̀kán kan wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ̀kán yẹn ni axon; ibi tó ṣófo ni myelin tó wé axon wà tẹ́lẹ̀, ọ̀rá ni, ọtí àti xylene ti yọ́ ọ dànù kí síláìdì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ní ti ganglion tí wọ́n fa báírò sí, wo ibi tí núkílọ́ọ̀sì jókòó sí. Bí sẹ́ẹ̀lì bá tóbi róbótó, tí núkílọ́ọ̀sì wà láàárín gbùngbùn bí ẹyinjú, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ sì yí i ká bí ìlẹ̀kẹ̀, ganglion ti gbòǹgbò ẹ̀yìn ni, èyí tó ń gbé ìmọ̀lára wọ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ti sympathetic, iṣan tó ń dá ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a pàṣẹ fún un, núkílọ́ọ̀sì sábà máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kì í sì í pé. Ìkankan nínú wọn ò béèrè àwọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bí ẹ bá ní gíláàsì àwọ̀ ewé, fi sí ibi tí iná ti ń wọlé, ibi tó jẹ́ píǹkì á ṣókùnkùn sí i.

Ọmọ_Ọdún_Kejì:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. N óò lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn. Ní ti olùkọ́, mi ò tíì mọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí aláàbọ̀ ara.

Adùnọlá_B:
Lọ sọ fún un, jọ̀ọ́. Ìwọ nìkan ló ti ń gbé e látọjọ́ yìí.

Ọmọ_Ọdún_Kejì (ọjọ́ kejì):
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi kan fi àwòrán síláìdì ránṣẹ́, kò kọ orúkọ sí i. Mo sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun lórí fóònù. Ó ká lọ ká bọ̀ bí ewé. Ìgbànú kan wà níta tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ò pọ̀. Òmíràn wà nínú tó kún fún ẹ̀kán dúdú bí ìgbà tí wọ́n da ọkà bàbà sílẹ̀. Láàárín méjèèjì, mo rí àwọn ńláńlá kan bí ìgò, wọ́n tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà kan ṣoṣo. Sẹ́ẹ̀lì Purkinje ni àbí? Cerebellum ni?

Ẹ̀gbọ́n_Lábù:
Òun ni. Èépá afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀?

Ọmọ_Ọdún_Kejì:
Rárá, sà. Mi ò tiẹ̀ wá a.