Ọ́pẹ́rà tààrà lórí rédíò: ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ tó ń ba gbígbọ́ jẹ́

Ẹ̀yin ará tá a jọ fẹ́ràn ọ́pẹ́rà, eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, ẹ jẹ́ ká kó ìmọ̀ wa jọ síbí kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lè rí i kà. Ọ̀rọ̀ aago ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn pàdánù apá kìíní eré.

Ọ̀sán Sátidé ni Metropolitan Opera ní New York máa ń gbé eré rẹ̀ sórí afẹ́fẹ́. Ọjọ́ Kérésìmesì 1931 ni wọ́n fi ọ́pẹ́rà Hänsel und Gretel bẹ̀rẹ̀ àṣà náà. Aago kan ọ̀sán tibẹ̀ ni eré sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ gígùn bíi ti Wagner, ọmọ Jámánì tó kọ ọ́pẹ́rà, a máa ṣáájú bẹ́ẹ̀. Aago kan New York jẹ́ 18:00 GMT nígbà òtútù. Tí wọ́n bá ti sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, ó di 17:00 GMT. Ibi tó ti ń dojú rú nìyí: Sọ́ńdè kejì oṣù Kẹta ni Amẹ́ríkà ń sún aago, Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù náà sì ni Yúróòpù ń sún tiwọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta yẹn, ẹni tó bá ń fi aago London tàbí Paris ṣírò á pẹ́ dé ní odidi wákàtí kan. Ó tún máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, tí wọ́n bá ń dá aago padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan péré ni ti ìgbà yẹn. Ẹ kọ GMT sílẹ̀ fún gbogbo eré, kẹ́ ẹ sì tún un wò láàárín oṣù Kẹta.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í yí padà. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ọjọ́ Ambrose Mímọ́, ni ilé ọ́pẹ́rà La Scala ní Milan ń ṣí sáà rẹ̀, RAI, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ítálì, ló sì ń gbé e. Ọjọ́ kìíní ọdún, aago 11:15 àárọ̀ Vienna, tí í ṣe 10:15 GMT, ni ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sírà Wiener Philharmoniker ń ṣe eré ọdún tuntun ní gbọ̀ngàn Musikverein. Ẹ má tètè pa rédíò o: ìparí gan-an ni wọ́n ń ta orin An der schönen blauen Donau, orin Radetzky-Marsch ló sì ń kádìí rẹ̀.

*

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tèmi dá lórí gbígbà á sílẹ̀ fún etí ara ẹni, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè jókòó ti rédíò fún wákàtí mẹ́fà.

Ẹ wo Götterdämmerung, ọ́pẹ́rà Wagner kan. Orin inú rẹ̀ tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Apá kìíní nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Ní Bayreuth, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Wagner ní Jámánì, nǹkan bíi wákàtí kan ni wọ́n fi ń sinmi láàárín apá kan sí èkejì. Eré tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀ lè wọ aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹni tó bá ń fi WAV (irú fáìlì ohùn tí wọn kì í fún pọ̀) 24-bit, 48 kHz gbà á kò ní í dé ibi tí Brünnhilde, akọni obìnrin inú eré náà, ti ń dáná sí òkìtì igi ní ìparí. Fáìlì WAV lásán kì í kọjá 4 GB. Ní ìwọ̀n yẹn, báìtì 288,000 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, fáìlì á sì kún lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di 16-bit, 44.1 kHz, á gbé nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Fláàṣì tí wọ́n fi FAT32, ọ̀nà ìtọ́jú fáìlì kan, ṣètò ní irú ààlà kan náà, irú fáìlì yòówù kó jẹ́. Ẹ sọ ọ́ di exFAT, ọ̀nà tí kò ní ààlà yẹn, ṣáájú, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, torí gbogbo rẹ̀ ló máa pa rẹ́.

Ní tòótọ́, kò sí ìdí láti fi WAV gba ohun tó ń bọ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ilé iṣẹ́ rédíò bá ti fún pọ̀ sí MP3 tàbí AAC kò lè dára ju bó ṣe wọlé lọ. Ẹ fi ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń tẹ àṣẹ fún, dà á kọ bó ṣe wà (líǹkì rédíò náà ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò LÍǸKÌ):

ffmpeg -reconnect 1 -reconnect_streamed 1 -reconnect_delay_max 30 -i LÍǸKÌ -c copy -t 06:30:00 ere.mka

Àṣẹ "reconnect" mẹ́ta tó ṣáájú yẹn ló ń jẹ́ kó padà sórí ìlà fúnra rẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. "-c copy" ni kò jẹ́ kó tún ohùn náà fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nínú irú fáìlì, mo fara mọ́ .mka ju .m4a lọ nítorí iná tó lè lọ: ìparí ni m4a sábà máa ń kọ atọ́ka rẹ̀, tí ẹ̀rọ bá kú lójijì, fáìlì náà lè má ṣí mọ́ rárá. Ohun tí mka bá ti gbà ṣáájú á ṣeé gbọ́.

Ní ti détà, ohùn tó ń wọlé ní 128 kbps (kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá) ń jẹ nǹkan bíi 58 MB ní wákàtí kan, 320 kbps sì ń jẹ 144 MB. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ní 320 á sún mọ́ 940 MB.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lé ìparí tí wọ́n kọ, torí àtẹ́wọ́ kì í wo aago. Ẹ pa oorun kọ̀ǹpútà náà ní sẹ́tíǹsì, títí kan èyí tó ń ṣẹlẹ̀ téèyàn bá dé láptọ́ọ̀pù. Àwọn líǹkì kan máa ń kú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ọjọ́ eré gan-an ni kẹ́ ẹ mú wọn, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún dán wọn wò.

*

Ẹni tó bá wà nítòsí ibi tí FM dé, ẹ má gbàgbé FM. Kì í jẹ détà, kì í sì í dúró láàárín orin. Tó bá ń ṣe ṣíì-ṣíì, ántẹ́nà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ fi MHz ilé iṣẹ́ náà pín 142.5, ohun tó bá jáde ni gígùn wáyà ní mítà. Fún 95 MHz, mítà kan àti ààbọ̀ ni. Ẹ gé e sí méjì, 75 cm lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ so ọ̀kan mọ́ àárín wáyà ántẹ́nà tẹlifíṣọ̀n, ẹ so èkejì mọ́ àwọ̀n tó yí i ká. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó kọjú sí òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀. Tí ariwo náà bá ṣì kù, ẹ tẹ mono (ohùn ọ̀nà kan); ariwo stereo (ohùn ọ̀nà méjì) máa ń pọ̀ gan-an níbi tí ìgbì kò bá ti lágbára.

*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún ohùn gbé sókè nítorí pé ẹ ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀rẹ̀. Das Rheingold, ọ́pẹ́rà Wagner mìíràn, ń fi báàsì tó rọra ń ké bẹ̀rẹ̀, ohùn E-flat kan ṣoṣo ló sì dúró lé fún ìwọ̀n orin (bar) 136. Ẹni tó bá gbé e sókè níbẹ̀ á dí etí nígbà tí gbogbo ọ̀kẹ́sírà bá dé. Ohùn atọ́kùn ètò ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n: kó dún bí ẹni tó jókòó sínú yàrá yín, kẹ́ ẹ sì fi í síbẹ̀ títí di ìparí. Ẹ pa ohunkóhun tó ń mú ohùn dọ́gba nínú fóònù yín. Òun ló ń mú kí ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ akọrin dún bákan náà pẹ̀lú igbe rẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn sì ni ẹni tó ṣe orin náà kọ sílẹ̀ fún wa.

*

Ìròyìn ló kù. Tí ojú ìwé ilé ọ́pẹ́rà àti ti ilé iṣẹ́ rédíò bá takora, ẹ gba ti ilé ọ́pẹ́rà gbọ́ nípa ẹni tó ń kọrin, kẹ́ ẹ gba ti rédíò gbọ́ nípa aago. Àárọ̀ ọjọ́ eré ni kẹ́ ẹ tún un wò, torí ọ̀fun akọrin lè yọ ọ́ lẹ́nu lójijì. Kẹ́ ẹ tó pín in fáwọn èèyàn, ẹ wádìí bóyá alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló yọwọ́ tàbí gbogbo eré tó kù. Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe eré náà: ọ̀pọ̀ ètò alẹ́ Sátidé kì í ṣe tààrà, wọ́n ti gbà á sílẹ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn.

Tí ilé iṣẹ́ kan bá dí líǹkì rẹ̀ mọ́ àwọn tó wà lókè òkun, ẹ wá eré náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà nínú Euroradio, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Yúróòpù. Wọ́n jọ ń pín eré láàárín ara wọn, ohùn orí ìtàgé kan náà ni, atọ́kùn nìkan ló ń yí èdè padà. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwòrán, OperaVision, ibùdó fídíò ọ́pẹ́rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wà lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àkọlé lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mú eré kúrò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọjọ́ tí wọ́n máa mú un kúrò wà lábẹ́ fídíò náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí i.