Ìwádìí ní kí n dín ṣúgà kù, sóbò mi wá ń kú sí Kútọnu. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Alásóbò Ìbàdàn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe sóbò onígò n'Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé Kútọnu ló ní ọjà wà lọ́hùn-ún, pé bissap tí wọ́n ń mu náà ni sóbò wa. Mi ò fẹ́ fi ojú lásán wọ̀ ọ́, mo ní ká ṣe ìwádìí, ká mọ̀ bóyá àṣà wọn nípa ohun mímu yàtọ̀ sí tiwa. Mo wá gbéṣẹ́ fún ọmọkùnrin kan tó máa ń bá àwọn ọmọ Másítà ṣe Chapter Four, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò dátà. ₦120,000 ló gbà. Ó gbowó tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi gbé fóònù mi. Lónìí iná ò sí, lọ́la màmá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Nígbà tó jàjà fi iṣẹ́ ránṣẹ́, fáìlì tí fóònù mi ò lè ṣí ni.

Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé p (nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lásán, bí kò bá sí ìyàtọ̀ gidi) jẹ́ 0.04, pé àwọn ará Kútọnu ò fẹ́ nǹkan dídùn tó tiwa. Mo dín ṣúgà kù sí ìdajì. Páálí 60 ló kọjá ní Sèmè (ẹ má bi mí ní ohun tójú mi rí ní bọ́dà). Oṣù méjì kọjá, páálí 9 ló tà. Ìyá kan ní ọjà Dantokpa tọ́ ọ wò, ó ní ṣé omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò sóbò rèé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń dá mi lẹ́bi, ìyàwó mi ń gbè é. Ṣé kí n gba owó mi padà lọ́wọ́ ọmọ yẹn ni, àbí test míì wà tó lágbára ju t-test tó fi ìdáhùn ìlú méjèèjì wéra lọ?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá. Èmi náà kó chin-chin lọ sí Lomé rí. Wọ́n ní ó le bí òkúta. Ọkọ mi ló jẹ ẹ́ tán, oṣù mẹ́rin.

Olùkọ́ Ìṣirò: Èèyàn mélòó lẹ bi? Níbo lẹ ti rí wọn? Ìbéèrè mélòó ló wà nínú ìwé náà? Ta ló bi wọ́n?

Alásóbò Ìbàdàn: Àwọn èèyàn yẹn ò kéré sà. 40 n'Ìbàdàn, 38 ní Kútọnu. Ọ̀rọ̀ ₦120,000 mi ni mò ń sọ.

Baba Aláṣọ: Ẹ̀yin oníṣòwò òde òní, ìwé lẹ fi ń tajà. Bàbá mi ta aṣọ ní Kútọnu títí ó fi darúgbó, kò mọ p, kò mọ q. Walmart tó wọ Jámánì lọ́dún 1997, tó kẹ́rù kúrò lọ́dún 2006, ṣé owó ìwádìí ni wọn ò ní? Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa rẹ́rìn-ín sí oníbàárà, àwọn ará Jámánì ní kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ọmọ Akọkà: Walmart kì í ṣe sóbò, sà. Kí ẹ̀gbọ́n kàn lo nọ́ńbà Hofstede, ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi nọ́ńbà díwọ̀n àṣà, ó ti wà nílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni.

Olùkọ́ Ìṣirò: Ọmọ Akọkà, rọra. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ni Hofstede kọ́kọ́ gba dátà lọ́wọ́ wọn, láàárín 1967 sí 1973. "West Africa" tó wà níbẹ̀, Nàìjíríà, Ghana àti Sierra Leone ni. Benin ò sí níbẹ̀. Àti pé nọ́ńbà gbogbo orílẹ̀-èdè ò lè sọ bí ìyá kan ní Dantokpa ṣe fẹ́ kí sóbò dùn tó. Alásóbò, ẹ ò tíì dáhùn: ìbéèrè mélòó?

Alásóbò Ìbàdàn: 22. Ti ṣúgà nìkan ló mú nǹkan jáde. Ó kọ "not significant" sí 21 tó kù, mi ò wulẹ̀ kà wọ́n.

Olùkọ́ Ìṣirò: Ẹ rí i bí? Ọmọdé tó bá sọ òkúta 22 sórí igi máńgòrò, nǹkan á já bọ́, kódà kó dijú. Bí kò bá tiẹ̀ sí ìyàtọ̀ kankan láàárín Ìbàdàn àti Kútọnu, tí ẹ bá ń lo 0.05 bí ààlà fún p, ẹ̀ẹ̀kan nínú 20 ni test á ṣì pariwo pé ó wà. Ẹ wá ṣe é lẹ́ẹ̀mejìlélógún. Bí àwọn ìbéèrè yẹn ò bá so mọ́ra wọn, ó tó 68% pé ó kéré tán ọ̀kan á jáde lásán. Kí ariwo lásán má baà tàn yín, ẹ fi 22 pín 0.05, ó di bíi 0.0023, p ò gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ. 0.04 yín ò dé ìtòsí rẹ̀. Kì í ṣe test alágbára lẹ ń wá.

Ìyá Ìbejì: Mi ò gbọ́ ti 0.00 yín o, àmọ́ ti máńgòrò yẹn yé mi.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Bọ̀dá, èdè wo ni wọ́n fi bi àwọn ará Kútọnu? Faransé àbí Fọ̀n?

Alásóbò Ìbàdàn: Yorùbá ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pín in nínú ìjọ wọn lẹ́yìn ìsìn. Àwa ọmọ Nàìjíríà la pọ̀ jù níbẹ̀. Ó rọrùn, gbogbo wọn ti wà níjòókòó, torí àwọn nọ́ọ̀sì wá bá wọn sọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń gún wọn níka láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún níka nítorí ṣúgà, òun lẹ bi bóyá ó fẹ́ nǹkan dídùn?

Alásóbò Ìbàdàn: Ṣé ìyẹn náà ní nǹkan í ṣe?

Ọmọ Àjàṣẹ́: 😂😂 Ọmọ Nàìjíríà lẹ fi wé ọmọ Nàìjíríà, ẹ wá pè é ní àṣà Benin.

Baba Aláṣọ: Mo ti sọ tẹ́lẹ̀. Ìwé.

Olùkọ́ Ìṣirò: Baba, ìwé kọ́ ló jẹ̀bi. Alásóbò, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò, ẹ yéé bi wọ́n léèrè. Ìtọ́wò ni Fisher, onímọ̀ ìṣirò kan, fi ṣàlàyé irú ìdánwò yìí, nígbà tí obìnrin kan ní òun lè mọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dà sínú ife: ife tíì mẹ́jọ, mílíìkì ló ṣáájú nínú mẹ́rin, tíì ló ṣáájú nínú mẹ́rin. Ọ̀nà 70 ló wà láti yan mẹ́rin nínú mẹ́jọ, ẹni tó ń méfò máa gbà á tán lẹ́ẹ̀kan nínú 70. Tiyín ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Ife méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti ṣúgà àtijọ́ àti ti ìdajì. A àti B nìkan ni kẹ́ ẹ kọ sára ife, kí A ṣáájú fún ẹnì kan, kí B ṣáájú fún ẹnì kejì. Kí ẹni tó gbọ́ Fọ̀n àti Gun wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ àwọn tó wá rajà lẹ máa fún, kì í ṣe ará ìjọ. Bí èèyàn 40 bá mu ún, ó gbọ́dọ̀ tó 27 tó yan ọ̀kan náà kẹ́ ẹ tó sọ pé ìyàtọ̀ wà.

Alásóbò Ìbàdàn: Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ ọmọ yẹn ì bá ti sọ fún mi.

Olùkọ́ Ìṣirò: Ṣé ẹ sọ fún un pé inú ìjọ lẹ ti bi wọ́n?

Alásóbò Ìbàdàn: Ó bi mí lórí WhatsApp. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kó ṣáà kọ "àwọn ará Kútọnu".

Ọmọ Akọkà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ₦120,000 ọmọlọ́mọ sílẹ̀.

Alásóbò Ìbàdàn: Ó dáa. Páálí 51 tó kù yẹn ńkọ́? Mo ti lẹ "moins sucré" (ṣúgà rẹ̀ ò pọ̀) mọ́ gbogbo ìgò náà. Ta ló mọ ohun tí wọ́n fi ń yọ ọ́?

Ìyá Ìbejì: Omi gbígbóná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi òróró pa á, á ṣí. Ṣé ẹ rò pé mi ò lẹ nǹkan mọ́ ike chin-chin ni?