Àwọn ọmọ SS1 fi fọ́tò ọmọ kíláàsì wọn ṣe stíkà: kí ni kí n ṣe?

Tíṣà Abẹ́òkúta
Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà ìsinmi, àwọn ọmọ SS1 wa dá group WhatsApp kan sílẹ̀, wọ́n ní torí ẹ̀kọ́ ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi sọ fọ́tò ọmọbìnrin kan nínú wọn di stíkà, wọ́n wá fún un lórúkọ tí mi ò lè kọ síbí. Láti Mọ́ńdè, ọmọ náà ò wá sílé ìwé. A kì í gbà kí wọ́n mú fóònù wá, torí náà àwọn kan nínú àwa tíṣà ní kò kàn wá. Pirínsípà ní ká na àwọn mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé ìwé. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú 40 lọ́sẹ̀ títí táàmù yóò fi parí. Kí ni kí n fi ṣe?

Bàbá Ìbejì
Ẹ nà wọ́n jàre. Kí àwọn òbí sì gba fóònù.

Olùdámọ̀ràn, Ìbàdàn
Bàbá, a nà wọ́n rí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́. Wọ́n dá group mìíràn, wọ́n sì yọ ọmọ tí wọ́n fura sí pé ó tú àṣírí.

Tíṣà, ọmọ mélòó ló wà nínú group yẹn? Bí wọ́n bá jẹ́ 40, mẹ́ta ló ń sọ̀kò, àwọn 37 ń rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n dákẹ́. Àwọn 37 yẹn gan-an ni kí ẹ bá ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú KiVa nìyẹn, ètò tí Yunifásítì Turku ní Finland gbé kalẹ̀, tó tàn ká àwọn ilé ìwé ibẹ̀ láti 2009. Ẹni tó ń fọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ ń wá ìran, ẹ gba òǹwòran lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀ràn bá wá ṣẹlẹ̀, tíṣà méjì-mẹ́ta tí wọ́n ti yàn á pe àwọn tó ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bẹ àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ wọn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu pé kí wọ́n dúró ti ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá Ìbejì
Pàṣán ló tọ́ èmi o. (Àmọ́ kò sí WhatsApp nígbà náà, ká sòótọ́.)

Ará Berlin
Níbí, wọ́n ní Medienhelden, ètò ilé ìwé tó ń dènà irú yẹ̀yẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní kíláàsì, òfin wà níbẹ̀, eré ṣíṣe wà níbẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni pé àwọn ọmọ ló ń dúró kọ́ àwọn òbí wọn nípàdé òbí. Ẹ dán ìyẹn wò ní PTA.

Ìyá Tómi
Ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tèmi ní JSS1. Kì í ṣe àwọn tó bú u ló pa á lẹ́kún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ló fi ẹ̀rín sábẹ́ ẹ̀. Tíṣà, ẹ kọ́kọ́ lọ sílé ọmọ náà. Kí wọ́n ya àwòrán (screenshot) gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún, tọjọ́ taago, kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́.

Tíṣà Abẹ́òkúta
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀la ni mo ń lọ sílé wọn. Pirínsípà gbà kí pàṣán sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá Tómi, ọ̀rẹ́ ọmọ yín yẹn ńkọ́?

Ìyá Tómi
JSS3 ló tó wá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń kíra báyìí.