Ìwé oúnjẹ Màmá wa fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi. Mo fẹ́ tẹ ìwé oúnjẹ Màmá wa ká lè pín in níbi ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún wọn, kí n sì ta ìyókù. Ìkọ́kọrẹ́, ẹbirípò, ọ̀jọ̀jọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo gbé e fún atẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ó gba àsansílẹ̀, ó wá tẹ ẹyọ kan fún mi wò. Háà! Ìkọ́kọrẹ́ dúdú bí ọ̀dà. Ìwé náà kì í là sílẹ̀, bí mo bá ti gbọ́wọ́ kúrò, á pa dé. Nígbà tí mo bínú, ó ní àwòrán mi ni ò dáa. Àwòrán tí ọmọ mi fi fóònù olówó ńlá yà! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà tún gbé tiẹ̀ dé, ó ní àfi kí orúkọ òun wà lẹ́yìn ìwé. Ìwé ìyá mi! Ìyàwó tí èmi fúnra mi bá wọn gbé wọlé! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ atẹ̀wé gidi?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má gbàgbé ìwọ̀n. Nígbà tí ìyá ọkọ mi ń kọ́ mi ní gbẹ̀gìrì, "ṣáà bù ú sí i" ni wọ́n ń wí. Iyọ̀ ńkọ́? "Ojú ẹ á sọ fún ẹ." Ojú mi ò sọ nǹkan kan fún mi di òní.

Atẹ̀wé Tẹ́lẹ̀: Mo ti ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú rí. Ẹ̀dà mélòó? Ojú ewé mélòó? Ṣé WhatsApp lẹ fi fi àwòrán ránṣẹ́? Ó máa ń fún àwòrán kéré ni. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. Íǹkì mẹ́rin lẹ̀rọ ń lò, àwọ̀ ojú fóònù sì yàtọ̀ sí i, tí wọn ò bá kọ́kọ́ yí i sí CMYK, ìyẹn àwọ̀ íǹkì mẹ́rin náà, epo pupa á ṣókùnkùn. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi di tiyín, ló ṣe ń pa dé. Wáyà ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi dì í, ìwé tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ gbalaja.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: WhatsApp ni. Ṣebí ohun tí gbogbo ayé ń lò nìyẹn? Kí ló dé tí kò sọ fún mi kó tó gbowó?

Ará London: Ẹ fi Ṣómólú sílẹ̀ jàre, ẹ gbé e sórí Amazon KDP, ibi tí èèyàn ti ń fúnra ẹ̀ gbé ìwé jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, wọ́n á sì fún yín ní ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

Atẹ̀wé Tẹ́lẹ̀: Orí Amazon nìkan ni ISBN yẹn ti wúlò, wọn kì í sì í fi wáyà di ìwé. Ọwọ́ National Library la ti ń gba ISBN ní Nàìjíríà, ẹ ó sì kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn. Bó bá jẹ́ ti àríyá nìkan, ẹ ò tiẹ̀ nílò ISBN.

Ará London: Èmi ń ran èèyàn lọ́wọ́, ìwọ ń bá mi jà.

Lọ́yà Àdúgbò: Ẹ dúró ná. Ta ló kọ ohun tó wà nínú ìwé náà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Màmá ló ni oúnjẹ wọn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń gbé, ìyàwó wa kàn ń jókòó tì wọ́n, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Dẹ́rìkà mélòó, agolo mílíìkì mélòó, òun ló wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà o! Ìyẹn náà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ìyá Ìbejì: Haa! Obìnrin tó ń tọ́jú ìyá yín, tó ń rin ewùrà, tó ń wọn epo, ẹ ò fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀?

Bàbá Ọlọ́jà: Ẹ rọra. Ìyàwó ilé ni, àwọn ọmọ ló ni ìyá.

Lọ́yà Àdúgbò: Lábẹ́ òfin kọ́píráìtì ọdún 2022, ọ̀nà tá à ń gbà se ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe ti ẹnì kankan. Àmọ́ bí èèyàn bá ṣe to ọ̀rọ̀ láti ṣàlàyé rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ṣé ọ̀rọ̀ tiyín lẹ tẹ̀ ni, àbí tirẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mo ti gbọ́ ti wáyà, ẹ ṣeun. Ẹ̀dà igba ni mo fẹ́. Ta ló mọ ẹni tó máa tún ẹ̀yìn ìwé yà fún mi?

Atẹ̀wé Tẹ́lẹ̀: Mo mọ ọmọbìnrin kan tó dáńtọ́. Àmọ́ ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé orúkọ ta ló máa kọ síbẹ̀.