Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó gba ipò gbogbo kọ́sítọ́mà màmá mi

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Àdìrẹ ni màmá mi ń tà l'Óṣogbo níbí, inú ìwé kan ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà fóònù kọ́sítọ́mà sí, ìwé náà ti gbó, aró ti yí i, mo wá ní kí n bá wọn kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, nígbà yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo ṣí i wò, Ìyá Ìkìrun, 2147483647. Alhaja tó ń wá láti Ẹdẹ, 2147483647. Gbogbo wọn pátá! Àyà mi já.

Mo sáré gbé e lọ bá ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní Ọláìyá. Wọ́n ní INT tí mo lò, ìyẹn irú àyè tó ń gba nọ́ńbà, kò lè gbà ju 2147483647 lọ, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà fóònù wa, tó bá ti ju òdo iwájú nù, bílíọ̀nù méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án ni, ló bá fi ibi tí agbára ẹ̀ mọ rọ́pò gbogbo wọn. Wọ́n ní kí n lo VARCHAR, èyí tó ń tọ́jú nọ́ńbà bí ọ̀rọ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ni ò jẹ́ n sùn: "O mọ̀ pé práìmù ni nọ́ńbà yẹn?" Ìyẹn ni pé kò sóhun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín. 3, ó ṣẹ́kù. 7, ó ṣẹ́kù. Ẹ ò ní láti kọjá 46,340 ṣá, torí méjì-méjì làwọn tó ń pín nọ́ńbà máa ń rìn, tí ọ̀kan bá ju ìyẹn lọ, èkejì á kéré sí i. Síbẹ̀ práìmù tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ju 4,000 lọ!

Euler, onímọ̀ ìṣirò kan, ló yanjú ẹ̀ ní 1772, ní Rọ́ṣíà, ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà náà. Ó rí i pé torí pé 2 mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a sọ di púpọ̀ pọ̀, kí a yọ 1, ni nọ́ńbà náà, práìmù yòówù tó bá máa pín in, tí a bá fi 248 pín òun náà, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Èyí tó kù láti yẹ̀ wò ò wá tó 400. Ọkùnrin tí ò ríran dáadáa! Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

— — —

Tèmi rèé o. Mo ń ṣe lẹ́sìn fáwọn ọmọ l'Ókè-Fìà, mo sọ fún wọn pé tí iye 2 tí a sọ di púpọ̀ pọ̀ bá jẹ́ práìmù, bíi 31, ohun tó bá jáde lẹ́yìn tí a yọ 1 náà á jẹ́ práìmù ni, bí 3 ṣe mú 7 wá, tí 5 mú 31, tí 7 mú 127. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́yìn tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó gbé 11 yẹ̀ wò, ó rí 2047, ó nawọ́: "Àǹtí, 23 lọ́nà 89 ni." Mo ṣírò ẹ̀ lójú bọ́ọ̀dù, òótọ́ ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo kíláàsì, mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tún ní, "13 ńkọ́?" Gbogbo wa jọ pín 8191 títí dé 89, kò sí ìkankan tó wọ̀ ọ́, ilẹ̀ ti ṣú kí a tó kúrò níbẹ̀.